Ọya Gbé Iná Wá, Èédú Kò Kúrò Ní Ìlọrin

Ní Ẹbu Dàda, ládùúgbò Òkèlélé ní Ìlọrin, ọjọ́ tí wọ́n bá fẹ́ sun ìkòkò kì í ṣe ọjọ́ eré. Àwọn ìyá tó ń mọ ìkòkò á ti to àmù, orù, ìṣaasùn àti agbada jọ sórí ilẹ̀ gbalasa, igi gbígbẹ lábẹ́, igi gbígbẹ láàárín, koríko àti ewé gbígbẹ lókè. Kò sí ìléru, kò sí ògiri tó ká iná náà mọ́. Wọ́n á ṣáná sí i, iná á sọ, ooru á lé àwọn ọmọdé sẹ́yìn, kó sì tó di pé ilẹ̀ tutù, amọ̀ tí òjò ìbá yọ́ láàárọ̀ á ti di ohun èlò ilé. Bí ìkòkò bá ṣe ń tinú iná jáde, ni wọ́n á máa fi omi èèpo igbá tí wọ́n ti sè rà á lára kó lè dúdú, kó sì máa dán. Igbá yìí kan náà ni igi tí à ń ti ara rẹ̀ rí irú tí à ń fi se ọbẹ̀.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni iṣẹ́ yìí ń tọrọ lọ́wọ́ igi: ó tọrọ iná, ó tọrọ àwọ̀. Ohun tó jẹ́ kí igi lè máa fún un láti ìran ìyá dé ìran ọmọ ni àṣà kan tí àwọn àgbẹ̀ ilẹ̀ ọ̀dàn dì mú. Bí wọ́n bá ń ṣán oko tuntun, wọ́n lè gé igi yòókù, ṣùgbọ́n wọ́n máa ń dá emi sí, wọ́n máa ń dá igbá sí. Emi ló ń fún wọn ní òrí, igbá ló ń fún wọn ní irú. Igi tó ti kú, ẹ̀ka tó ti gbẹ, ìyẹn ni ti ìdáná. Àṣà lásán ni, síbẹ̀ òun ni ààlà tí ilẹ̀ yìí pa fún iná.

Iná ti wà nínú orúkọ ìlú náà látìbẹ̀rẹ̀. Ìtàn tí wọ́n ń sọ jù ni pé Òjó Ìsẹ̀kúsẹ̀, ọdẹ, ní òkúta kan tó ń lọ irin rẹ̀ lé lórí, pé láti ibẹ̀ ni wọ́n ti ń pe ibẹ̀ ní Ìlọ-irin. Àwọn ènìyàn a máa sọ̀rọ̀ òkúta yẹn, wọn kì í sọ̀rọ̀ èédú. Bẹ́ẹ̀ láyé ìgbà náà, kò sí irin tó jáde láti inú òkúta wá láìjẹ́ pé èédú igi ló yọ́ ọ. Nígbà tó fi máa di ọ̀rúndún 19 tí Ìlọrin di ìlú Ẹ́míà, ìlú ológun àti ìlú ọjà, tó kún fún àwọn ahunṣọ, àwọn alágbẹ̀dẹ àti àwọn tó ń gbẹ́ ìlẹ̀kẹ̀ pupa láńtánà, iná igi ló ń bọ́ gbogbo wọn. Ibi tí igi ìdáná bá dé lórí ènìyàn àti lẹ́yìn kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́, ibẹ̀ ni agbára ìlú mọ.

Ọdún 1908 ni ọkọ̀ ojú irin tó ti Èkó wá dé Ìlọrin. Ọdún kejì ó dé Jẹ́bà, létí odò Ọya, ó sì di ọdún 1916 kí afárá tó parí tí ọkọ̀ fi lè kọjá sí òdìkejì tààrà. Ìlú tó ti ń fi ẹsẹ̀ àti ẹran ṣòwò rí ẹ̀rọ tó ń jẹ èédú ilẹ̀. Láti òkè òkun ni wọ́n ti ń kó èédú náà wá níbẹ̀rẹ̀, kó tó di pé wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wà á ní Ẹnúgu láàárín ọdún 1915 sí 1916. Ẹni tó wọ ọkọ̀ ojú irin ní Ìlọrin lọ sí Èkó kò rí àwọn tó wà nínú ihò ilẹ̀ tó ń wa iná rẹ̀. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá ọdún 1949, ọlọ́pàá ìjọba amúnisìn yìnbọn fún àwọn awakùsà ní Iva Valley ní Ẹnúgu, ènìyàn 21 kú. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí ẹ̀rọ tó ń lo epo dísẹ́ẹ̀lì bẹ̀rẹ̀ sí í gba iṣẹ́ lọ́wọ́ èédú ilẹ̀.

Iná tó tẹ̀ lé e ló ga jù.

Odò Ọya ni Yorùbá ń pè é. Àwọn Haúsá ń pè é ní Kwara, orúkọ yẹn náà ni wọ́n sì mú fún ìpínlẹ̀ tí Ìlọrin jẹ́ olú ìlú rẹ̀, ìpínlẹ̀ tí ìjọba Gowon dá sílẹ̀ ní ọdún 1967. Ní ọdún 1964, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sé odò náà ní Kàǹjì, ní ilẹ̀ Borgu. Ọdún 1964 yẹn kan náà ni ère Ṣàngó tí Ben Enwonwu ṣe dé iwájú olú ilé iṣẹ́ iná mànàmáná ní Marina, ní Èkó. Ṣàngó ni ìjọba fi ṣe àmì iná, ṣùgbọ́n inú odò Ọya, ìyàwó rẹ̀, ni wọ́n ti ń lọ wá iná náà. Èmi kò rò pé ẹnikẹ́ni jókòó pète bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n Yorùbá tó bá gbọ́ ọ kò ní ṣàì mi orí.

Wọ́n parí ìsédò náà ní ọdún 1968, Ọ̀gágun Yakubu Gowon sì ṣí i ní oṣù Kejì ọdún 1969, nígbà tí ogun abẹ́lé ṣì ń lọ. Inú ìpínlẹ̀ Kwara ni Kàǹjì wà nígbà náà. Ọdún 1991 ni wọ́n tó gé Borgu kúrò lára Kwara, tí wọ́n fi kún ìpínlẹ̀ Niger. Nítorí náà, fún ọdún tó lé ní 20, olú ìlú ìpínlẹ̀ tó ní iná Kàǹjì ní ìkáwọ́ ni Ìlọrin. Ìmọ́lẹ̀ ló dé sílé lóko, ilé iṣẹ́ ń ṣí, wọ́n sì ń sọ pé epo àti èédú ti di nǹkan àná. Ta ni kò ní gbà wọ́n gbọ́? Òjò kò ní gbowó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni kó tó rọ̀, odò kò sì ní dúró.

Ṣùgbọ́n àwọn kan san owó iná náà kí ẹ̀rọ tó yí. Nǹkan bí 44,000 ènìyàn ni omi Kàǹjì lé kúrò nílé. Ìlú Bùsà àtijọ́, níbi tí Mungo Park ti pàdé ikú rẹ̀ lórí odò ní ọdún 1806, wọ inú omi lọ. Wọ́n kọ́ Bùsà Tuntun fún àwọn ará ibẹ̀. Àwọn tó wà nísàlẹ̀ odò, àwọn Nupe apẹja àti àwọn tó ń dáko ní àkúrò láti Jẹ́bà lọ dé ìhà Pàtígi, kò kúrò nílé, odò ló yí padà mọ́ wọn lọ́wọ́. Wọ́n ti mọ ìgbà tí omi ń kún àti ìgbà tó ń fà, wọ́n sì ń gbìn, wọ́n ń pẹja tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn ìsédò, ẹni tó ń ṣí ilẹ̀kùn omi ló kù tó mọ̀ ọ́n.

Ó yẹ kí a dúró díẹ̀ níbi ọ̀rọ̀ omi yìí, nítorí òun gan-an ni ààlà tí kò sí owó tó lè sún un. Ìkún omi méjì ló ń wọ Kàǹjì lọ́dún. Èkíní ni omi funfun, omi òjò ilẹ̀ tó wà nítòsí, tó máa ń dé láàárín oṣù Kẹjọ sí oṣù Kẹwàá, tó sì kún fún ẹrẹ̀. Èkejì ni omi dúdú. Orí òkè Gínì lọ́hùn-ún ni òjò rẹ̀ ti rọ̀, ó gba àárín Málì kọjá, ó tan ká inú àbàtà ńlá tó wà níbẹ̀, ó fi ẹrẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀, ó wá gba orílẹ̀-èdè Nìjẹ̀ wọ Nàìjíríà. Tí yóò fi dé Kàǹjì, òjò ibí ti dá, ọyẹ́ ti ń fẹ́. Omi tó mọ́, tó dé nígbà ẹ̀ẹ̀rùn: kí ni oníṣẹ́ ẹ̀rọ tún lè máa wá?

Ṣùgbọ́n iná tó ń jó nínú ilé kan ní Ìlọrin ní oṣù Kìíní wá gbára lé òjò tó rọ̀ ní ilẹ̀ àwọn ẹlòmíràn. Nígbà tí ọ̀dá mú ilẹ̀ Sahel láàárín ọdún 1972 sí 1974, àti nígbà tó tún mú un ní àárín ọdún 1983 sí 1984, odò Ọya rù, ẹ̀rọ Kàǹjì náà sì rẹ̀wẹ̀sì. Nàìjíríà mọ̀ pé ewu wà ní òkè odò, ó sì bá Nìjẹ̀ ṣe àdéhùn: kí wọ́n má sé odò náà lọ́hùn-ún, kí a máa fún wọn níná. Láti ọdún 1976 ni wáyà ti ń gbé iná láti Birnin Kebbi lọ sí Niamey. Nígbà tí Nàìjíríà gé iná náà ní ọdún 2023 lẹ́yìn tí àwọn ológun gba ìjọba ní Nìjẹ̀, orílẹ̀-èdè náà ti ń kọ́ ìsédò tirẹ̀ ní Kandadji.

Àyè ẹ̀rọ 12 ni wọ́n ṣe sí Kàǹjì. Ẹ̀rọ 8 ni wọ́n gbé sí i, agbára wọn lápapọ̀ jẹ́ mẹ́gáwáàtì 760. Àyè mẹ́rin yòókù ṣófo. Dípò kí wọ́n kún wọn, wọ́n lọ sé odò náà lẹ́ẹ̀kejì ní Jẹ́bà, ó sì ní ìdí tó mọ́gbọ́n dání: omi tó ti yí ẹ̀rọ ní Kàǹjì tán ló tún ń sàn wá yí ẹ̀rọ mẹ́fà ní Jẹ́bà. Ọ̀gágun Muhammadu Buhari ló ṣí i ní oṣù Kẹrin ọdún 1985. Mẹ́gáwáàtì 578 ni agbára rẹ̀. Lójú ẹni tó ń ṣírò, iná méjì láti inú omi kan ni. Lójú ará Ẹdu tàbí Pàtígi, ọ̀gá méjì ló wá ń bá a pín odò. Ní ọdún 1999, nígbà tí òjò pọ̀ tí wọ́n sì ṣí omi sílẹ̀ láti ìsédò Kàǹjì, Jẹ́bà àti Ṣiroro, omi kó abúlé, ó kó oko. Ó ti ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ọdún 2010 ni òfin tó dá àjọ HYPPADEC sílẹ̀ fún àwọn agbègbè tó ń fara gbá ìsédò jáde; ọdún 2020 ni àjọ náà tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Ká padà sẹ́yìn díẹ̀: ọdún 1972 ni wọ́n pa ilé iṣẹ́ iná mànàmáná ECN àti àjọ tó ń bójú tó àwọn ìsédò odò Ọya pọ̀, tí wọ́n fi di àjọ iná mànàmáná NEPA. Ọdún náà gan-an ni Donella Meadows àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà gbé ìwé The Limits to Growth jáde, tí wọ́n fi kọ̀ǹpútà ṣírò pé bí ènìyàn, ilé iṣẹ́ àti ìdọ̀tí bá ń pọ̀ sí i láìdúró, ayé tí kò pọ̀ sí i yóò kọ̀ fún wọn. Nàìjíríà kò ráyè irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ọdún kejì ni owó epo rọ̀bì fò sókè lágbàáyé, owó sì ń ya wọlé. Wọ́n fa ọ̀pá epo láti Èkó gba Ìbàdàn wá sí Ìlọrin, wọ́n kọ́ ibùdó epo sí Òkè-Oyì, wọ́n ní bẹntiróòlù yóò máa ṣàn wá bí omi. Ọ̀pọ̀ ọdún ni ibùdó yẹn fi wà láìríṣẹ́ ṣe, nítorí àwọn olè ti dá ọ̀pá epo lu. Ọkọ̀ tańkà ló ń gbé epo wá.

Ìgbà tí iná NEPA ń ṣe ségesège ni jẹnẹrétọ̀ wọ ilé àti ṣọ́ọ̀bù. Kálukú wá di ilé iṣẹ́ iná ara rẹ̀. Níbi tí ènìyàn yóò ti rò pé Kàǹjì àti Jẹ́bà ti lé epo lọ, epo ló wá ń ṣe àtìlẹ́yìn fún Kàǹjì àti Jẹ́bà.

Ohun tí mo fẹ́ kí a rí nínú ìtàn yìí kò pamọ́. Wọ́n kọ́ wa pé iná tuntun máa ń rọ́pò ti àtijọ́: èédú ilẹ̀ rọ́pò igi, epo rọ́pò èédú ilẹ̀, omi àti oòrùn yóò rọ́pò epo. Ní Ìlọrin, yàtọ̀ sí ti ọkọ̀ ojú irin, kò rí bẹ́ẹ̀. Iná tuntun ń dé, ti àtijọ́ sì ń jókòó síbi tó wà. Kì í ṣe Ìlọrin nìkan. Lọ́dún 2024, lẹ́yìn gbogbo páńẹ́ẹ̀lì sólà tí wọ́n ti gbé sórí òrùlé ní Ṣáínà, Yúróòpù àti Amẹ́ríkà, èédú ilẹ̀ tí aráyé sun pọ̀ ju ti ọdún èyíkéyìí tó ṣáájú lọ.

Ẹ jẹ́ kí a wo ọ̀nà Jẹ́bà. Bí ọkọ̀ bá ti kúrò ní Ìlọrin tó ń lọ sí Bódé-Sáádù, òpó irin gogoro tó gbé wáyà iná láti Jẹ́bà máa ń yọ lókè igbó. Nísàlẹ̀, lẹ́bàá títì, àpò èédú ló tò lọ rẹrẹẹrẹ, tí wọ́n fi koríko dí ẹnu wọn. Àwọn tó ń sun ún á gé igi tútù, wọ́n á tò ó jọ, wọ́n á fi koríko bò ó, wọ́n á da iyẹ̀pẹ̀ lé e kí afẹ́fẹ́ má baà wọlé púpọ̀, wọ́n á wá ṣáná sí i. Ọ̀pọ̀ ọjọ́ ló fi ń jó lábẹ́ ilẹ̀. Nínú igi tó wọ̀n kìlógíráàmù 100, èédú tó ń jáde kì í sábà ju 10 sí 20 lọ. Ìyókù ti bá èéfín lọ. Àyìn dára fún un nítorí igi líle ni. Emi náà líle. Igbá kò yọ sílẹ̀.

Àwọn tó ń gé e kì í ṣe ènìyàn burúkú. Oko kò mú owó wọlé bíi ti tẹ́lẹ̀, oníbàárà sì wà. Ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023, ìjọba àpapọ̀ yọ owó ìrànwọ́ orí epo, bẹntiróòlù tí kò tó ₦200 ní lítà kọjá ₦500 láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2024, owó iná fún àwọn tó wà ní ìpele A gbéra láti ₦68 lọ sí ₦225 fún ìwọ̀n kan. Gáàsì ìdáná wọ́n. Kẹrosíìnì ti wọ́n ṣáájú. Ìyá tó ní ọmọ márùn-ún ní Ìlọrin, tó ń se tùwó lọ́sàn-án, ìṣírò rẹ̀ kò le: ó ra àpò èédú. Lẹ́yìn ti ilé, èédú ọ̀dàn wa tún ti gba Èkó lọ sí Yúróòpù, níbi tí wọ́n ti ń fi sun ẹran nígbà ooru.

Wọ́n ti wá oríṣiríṣi ọ̀nà. Èyí tó dùn mọ́ni nínú jù ni ti làpálàpá. Igi ọgbà ilé ni làpálàpá fún wa láti ọjọ́ pípẹ́. Ewúrẹ́ kì í jẹ ẹ́, nítorí náà ó ṣọ́ oko dáadáa. Nígbà tó di bí ọdún 2007, aráyé gbọ́ pé epo inú kóró rẹ̀ lè wa ọkọ̀, pé ó ń hù níbi tí ọkà kò lè hù. Ilé iṣẹ́ epo BP bá ilé iṣẹ́ D1 Oils da owó pọ̀ lórí rẹ̀. Yunifásítì Ìlọrin náà gbin oko làpálàpá nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ishaq Oloyede jẹ́ ọ̀gá àgbà ibẹ̀, láàárín ọdún 2007 sí 2012. Mo gbóríyìn fún wọn. Ó sàn kí a dán nǹkan wò ju kí a máa ráhùn lọ. Ṣùgbọ́n lágbàáyé, làpálàpá já ọ̀pọ̀ ènìyàn kulẹ̀. Lóòótọ́ ni kì í tètè kú nílẹ̀ gbígbẹ, àmọ́ bí ilẹ̀ kò bá lọ́ràá, bí kò bá rómi, èso rẹ̀ kì í tó nǹkan. Tí a bá sì fún un ní ilẹ̀ ọlọ́ràá, ilẹ̀ iṣu àti àgbàdo la gbà fún un. Ọdún 2009 ni BP ti bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Sólà ló kù tí gbogbo ènìyàn ń nawọ́ sí báyìí, oòrùn Ìlọrin kò sì ní ẹlẹ́gbẹ́. Ó ń tan gílóòbù, ó ń gba agbára sí fóònù, ó ń yí fáànù, jẹnẹrétọ̀ sì ń sinmi nínú ilé tó bá ní in. Ohun rere ni. Ṣùgbọ́n bátìrì rẹ̀ kì í pẹ́ láyé, òjé tó wà nínú bátìrì àtijọ́ kì í sì í kú. Ní Ògíjo ní ìpínlẹ̀ Ògùn, níbi tí wọ́n ti ń yọ́ òjé láti inú bátìrì tó ti bàjẹ́, àyẹ̀wò fi hàn ní ọdún 2025 pé òjé ti wọ ẹ̀jẹ̀ àwọn ará àdúgbò, tọmọdé tàgbà. Èyí tó tún kan Ìlọrin jù ni pé sólà kékeré tí ọ̀pọ̀ ilé lè rà kò lè se ìkòkò ẹ̀wà kan. Ó tan ìmọ́lẹ̀ sí ilé ìdáná, èédú ṣì ni iná tó wà nínú àdògán.

Emi tó bá hù lónìí máa ń tó ọdún 15 sí 20 kó tó so èso dáadáa. Ẹ̀rọ ìgégi ń mú un balẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Kò sí ìsédò, kò sí oko làpálàpá, kò sí páńẹ́ẹ̀lì tó lè dí àlàfo yẹn fún ìyá tó ń wá èèpo igbá ní Dàda.

Bí ìjọba ìpínlẹ̀ Kwara ti ń ka mẹ́gáwáàtì, kí wọ́n ka emi àti igbá tó kù láti Ìlọrin dé Jẹ́bà, kí wọ́n sì san owó fún àgbẹ̀ tó bá dá wọn sí nínú oko rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ sì ń ra èédú ní Ọjà Ọba, ní Ìpàta àti lẹ́bàá títì, kí ẹ tó sanwó, ẹ bi ẹni tó ń tà á léèrè irú igi tí wọ́n sun. Bó bá ní emi ni, tàbí igbá ni, ẹ fi àpò yẹn sílẹ̀ fún un.